Kíkí Kì í Ṣe Bíbéèrè

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kìíní

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún tuntun, ẹ sì kú ìfaradà ọmọ tí kì í tètè kọ̀wé. Mo mọ̀ pé ẹ ti sọ fún Télọ̀ ìsàlẹ̀ ilé wa pé Oníbéèrè ti gbàgbé ilé. N ò gbàgbé. Iṣẹ́ ló gbé mi mì.

Wọ́n ti gbé iṣẹ́ tuntun lé mi lọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ wa ló ń bá àwọn ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́ àti àwọn oníṣòwò ńlá tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn. Inú kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀ wà, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ó lé ẹgbẹ̀ta kọ̀ǹpútà, tí wọ́n tò sórí pẹpẹ irin nínú àwọn yàrá tó tutù bíi mọ́ṣúárì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe nọ́ọ̀sì lẹ mọ bí ibẹ̀ ṣe ń tutù tó. Èmi ni màá fi ọlọ́dẹ kan sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kì í ṣe ènìyàn o, sọ́fíwíà kékeré kan ni. Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ọlọ́dẹ yìí á bi kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ bóyá ó wà láàyè, á sì ránṣẹ́ sí mi. Bó bá wà, àmì rẹ̀ á ní àwọ̀ ewé níwájú mi. Bí kò bá dáhùn, àmì á di pupa, agogo á sì dún.

Ọ̀gá mi fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ parí kí oṣù kẹsàn-án tó tán. Torí náà, n ò ní lè wálé lọ́dún yìí bí mo ṣe ṣèlérí. Mo mọ̀ pé ohun tí mo sọ lọ́dún tó kọjá nìyẹn, àti èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ẹ ṣáà bá mi gbàdúrà kí nǹkan kan má ṣẹlẹ̀ nílé títí iṣẹ́ yìí á fi parí.

Mo fi bàtà kan ránṣẹ́ sí yín. Dúdú ni. Ẹni tó tà á fún mi ní gbogbo màmá ló fẹ́ràn irú rẹ̀.

Ọmọ yín,
Oníbéèrè


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kìíní

Oníbéèrè ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé lánàá. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ka ibi tó kan ọlọ́dẹ fún Télọ̀. Ó ní kó o bá òun fi ọ̀kan sínú ẹ̀rọ ìránṣọ òun, torí ó ń já òwú láìsọ fún òun tẹ́lẹ̀. Mo ní ọlọ́dẹ kankan ò lè gba ẹ̀rọ yẹn là, àfi kó jẹ́ kó lọ sinmi.

Etí mi ṣì wúwo bó ṣe wà. Má tún pe fóònù. Ìgbà tó o pè kẹ́yìn, ìwọ ní o ti dé ọ́fíìsì, èmi gbọ́ pé o ti rí ọkọ, mo sì ti sọ fún ilé mẹ́rin kí n tó mọ̀ pé àṣìgbọ́ ni. Ìwé ni kó o máa kọ. Ìwé kì í jẹ́ kí èèyàn ṣì í gbọ́.

Nípa ọlọ́dẹ rẹ yìí, mo ní ọ̀rọ̀ kan. O ní ó máa ń bi ẹ̀rọ bóyá ó wà láàyè. Ẹ̀rọ á ní, "Mo wà." Ṣé ìbéèrè nìyẹn? Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ kọ́ àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni pé kí wọ́n má bi aláìsàn pé, "Ṣé ara ti yá?" Kò sí ẹni tí wàá bi bẹ́ẹ̀ tí kò ní ní, "A dúpẹ́." Mo ti gbọ́ "a dúpẹ́" lẹ́nu ọkùnrin kan tó kú kí n tó kúrò ní bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀ lé tirẹ̀. Kíkí nìyẹn, kì í ṣe bíbéèrè. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ á ní: Kí lẹ jẹ láàárọ̀? Ìgbà wo lẹ tọ̀ kẹ́yìn? Ẹ gbé apá yìí sókè kí n rí i. "A dúpẹ́" ò lè dáhùn ìyẹn.

Ó yẹ kí ìwọ mọ̀ ju gbogbo ènìyàn lọ. Torí ẹnu rẹ tí kì í dákẹ́ la ṣe ń pè ọ́ ní Oníbéèrè. Lọ́jọ́ tí a sin bàbá rẹ, níwájú gbogbo èrò, o bi mí bóyá wọ́n rántí bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní kí n pa ọ́ lẹ́nu mọ́, n kò pa ọ́ lẹ́nu mọ́.

Bàtà tìrẹ ti dé. Ó wuyì. Iwájú rẹ̀ fún mi díẹ̀, ó sì ti bó mi níka ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ á fẹ̀ ẹ́ bó bá yá. Àtọ̀gbẹ mi wà níbi tó wà, mo ń lo oògùn mi. Nọ́ńbà wo lo tiẹ̀ rà?

Ti àìwálé, mo ti gbọ́.

Ìyá rẹ


Ogúnjọ́, oṣù kejì

Màámi,

Ẹ kú ilé. Mo sọ ọ̀rọ̀ wọ́ọ̀dù yín fún ọ̀gá mi, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní wọ́ọ̀dù ìyá mi ní ogún bẹ́ẹ̀dì, tiwa ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ó lé ẹgbẹ̀ta. Bí a bá ń bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ohun tó jẹ láàárọ̀, ìgbà wo la fẹ́ ṣe tán? Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín.

Mo ti fi ọlọ́dẹ sínú ẹgbẹ̀rún kan báyìí. Ẹ bá mi dé iwájú kọ̀ǹpútà mi kẹ́ ẹ wá wò ó, gbogbo rẹ̀ ní àwọ̀ ewé lọ súà. Bí ọ̀gá bá kọjá tó rí i bẹ́ẹ̀, á fọwọ́ lu ẹ̀yìn àga mi lẹ́ẹ̀mejì. Òun kì í yin èèyàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí náà mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í retí ẹ̀.

N ò ráyè kọ ìwé gígùn. Ẹ̀yin náà, ẹ má fi ojú ìwé mẹ́ta yọ ara yín lẹ́nu. Bí ẹ bá ti kọ gbólóhùn kan pé àlàáfíà ni, ó ti tó mi.

Oníbéèrè


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta

Oníbéèrè,

Mo ti gbọ́. Àlàáfíà ni.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan, kó o dá mi lóhùn tààrà. Ṣé o lè wá, kódà fún ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, kí oṣù yìí tó tán tàbí níbẹ̀rẹ̀ èyí tó ń bọ̀? Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Mo kàn béèrè ni.

O ò tíì sọ nọ́ńbà bàtà yẹn fún mi.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Màámi,

Ẹ kú ìmójúkúrò lára ọmọ yín. Lẹ́tà yín dé bá mi níbi tí iṣẹ́ ti gbóná jù. Kò ṣeé ṣe, Màámi. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, mo sì gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́. Bí mo bá kúrò níbí lọ́sẹ̀ kan, ẹlòmíràn á jókòó sórí àga mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí iṣẹ́ wa ṣe rí, bóyá ẹ ò ní bínú. Bí a bá fẹ́ tún kọ̀ǹpútà kan ṣe, ó di dandan kó dákẹ́ díẹ̀. Bí agogo bá ń dún fún gbogbo èyí tó dákẹ́, orí á fọ́ gbogbo wa. Nítorí náà, ká tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, a máa ń pa agogo rẹ̀. A ó sọ fún ọlọ́dẹ pé: èyí wà lábẹ́ àtúnṣe, máa fi àwọ̀ ewé hàn wá, má yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Bí àtúnṣe bá parí, a ó ṣí agogo padà. Nínú oṣù yìí nìkan, mo ti pa agogo irinwó kọ̀ǹpútà.

Nígbà míì, ó máa ń ṣe mí bíi kí n bẹ gbogbo ayé pé kó bá mi pa agogo tiẹ̀ fún oṣù mẹ́fà péré. Ẹ̀yin nìkan ni mo lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún.

Ẹ foríjì mí.

Oníbéèrè


Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ. Mo gba lẹ́tà rẹ, inú mi sì dùn sí gbogbo ohun tó o kọ síbẹ̀. Ara mi le. Àlàáfíà ni gbogbo ilé wà.

Bí mo ṣe sọ fún ọ nínú lẹ́tà mi tó kọjá, a ti kun ilẹ̀kùn iwájú. Àwọ̀ ewé la fi kùn ún, ó sì bá ògiri mu. Gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ló ń yìn ín.

Télọ̀ ń kí ọ. Má dààmú nípa wa. Gbájú mọ́ iṣẹ́ rẹ.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà

Màámi,

Ẹ má bínú pé ó pẹ́ báyìí kí n tó kọ̀wé. Mo mú bírò ní ìgbà mélòó kan, mo tún gbé e sílẹ̀. Ojú ló ń tì mí.

Kọ̀ǹpútà kan wà láàárín àwọn tí mò ń ṣọ́. Ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan ló ni ín. Ikùn kọ̀ǹpútà yẹn kún fọ́fọ́, kò sì lè gba ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí i. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún gbáko, kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ọlọ́dẹ mi ń bi í níṣẹ́jú níṣẹ́jú pé, "Ṣé o wà?" Ó ń dáhùn pé, "Mo wà." Kò purọ́, ó wà lóòótọ́. Àwọ̀ ewé ni mò ń wò ní gbogbo ọjọ́ yẹn, ọ̀gá sì ń lu ẹ̀yìn àga mi.

Aláboyún kan lọ béèrè èsì àyẹ̀wò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ń sọ fún un pé kò tíì dé. Ó ti dé, Màámi, kò ríbi gbé ni. Wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbà, wọ́n sì rí i pé ó yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Wọ́n ní òun àti oyún rẹ̀ ti wà dáadáa báyìí. Kò mọ̀ mí rí, kò sì ní mọ̀ mí láé, ṣùgbọ́n n kì í lè jẹun parí láìrántí rẹ̀.

Ọ̀gá ní ẹ̀bi gbogbo wa ni. Èmi mọ ẹni tó lẹ̀bi. Ìyá mi ti sọ fún mi láti oṣù kìíní, mo sì bá ọ̀gá fi í rẹ́rìn-ín. Kíkí ni mo ń kí àwọn kọ̀ǹpútà yẹn, n ò bi wọ́n léèrè nǹkan kan.

Mo ti yí gbogbo rẹ̀ padà. Ohun tí ọlọ́dẹ ń béèrè báyìí ni pé: Kí lo kọ sílẹ̀ kẹ́yìn, àsìkò wo lo sì kọ ọ́? Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo béèrè bẹ́ẹ̀, mo rí mọ́kànlá mìíràn tí wọ́n ń dáhùn "mo wà" tí iṣẹ́ wọn ti dúró.

Màámi, ẹ bá mi wí. Ẹ kọ ọ́ gígùn, kódà kó tó ojú ìwé mẹ́wàá. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti bá mi wí kẹ́yìn.

Oníbéèrè

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: ẹ ní ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn fún mi nínú lẹ́tà tó kọjá. N ò rí i níbẹ̀. Bóyá lẹ́tà kan sọnù lọ́nà.


Ogúnjọ́, oṣù keje

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ. Mo gba lẹ́tà rẹ, inú mi sì dùn sí gbogbo ohun tó o kọ síbẹ̀. Ara mi le. Inú mi dùn pé iṣẹ́ rẹ ń lọ déédéé.

Mo ń rò ó pé kí a kun ilẹ̀kùn iwájú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọ̀ ewé ló wù mí. Bí a bá ti kùn ún tán, màá sọ fún ọ bó ṣe rí.

Télọ̀ ń kí ọ. Má dààmú nípa wa.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹjọ

Màámi,

N ò kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á sí àìlẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí láti kí yín, torí mo mọ ohun tí ẹ máa fi dáhùn.

Mo kọ̀wé pé mo ṣẹ ẹni ẹlẹ́ni, ẹ ní inú yín dùn. Mo ní kí ẹ bá mi wí, ẹ ní iṣẹ́ mi ń lọ déédéé. Ilẹ̀kùn tí ẹ kùn tán ní oṣù karùn-ún lẹ tún ń gbèrò àtikùn ní oṣù keje. Mo tẹ́ gbogbo lẹ́tà yín sórí tábìlì, mo sì wò wọ́n bí mo ṣe ń wo kọ̀ǹpútà. Ti oṣù karùn-ún àti ti oṣù keje bẹ̀rẹ̀ bákan náà láìyẹ ọ̀rọ̀ kan. Bírò kan náà ni. Ọjọ́ tó wà lókè wọn kì í ṣe ọwọ́ yín ló kọ ọ́.

Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ mi, tí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn bá ṣáájú ti iwájú dé, a mọ̀ pé ẹ̀rọ kọ́ ló ń sọ̀rọ̀ mọ́. Ohun tó ti sọ tipẹ́ ni ẹnìkan kó pamọ́, tó ń yọ ọ́ fún wa díẹ̀díẹ̀. A ò lè mọ̀ láti ibẹ̀ bóyá ẹ̀rọ ọ̀hún ṣì wà.

Mo pe nọ́ńbà Télọ̀. Ẹnìkan tí n ò mọ̀ rí ló gbé e, ó ní ó ti tó ọdún mẹ́rin tí nọ́ńbà yẹn ti di tòun. Mo wá jókòó, mo ronú ẹlòmíràn tí mo lè pè ní gbogbo àdúgbò tí a ti bí mi. N ò rí ẹnì kan. Nítorí náà, orúkọ Télọ̀ ni mo kọ sára àpò ìwé yìí. Ẹni tó bá ṣí i, kó jọ̀ọ́ dá mi lóhùn.

Kí lẹ jẹ láàárọ̀?

Ìgbà wo lẹ gba ẹnu ilẹ̀kùn yẹn jáde kẹ́yìn?

Níbo lẹ wà láàárín oṣù kẹrin sí ìsinsìnyí?

Ìgbà wo lẹ sunkún kẹ́yìn?

Ẹ bi mí ní nọ́ńbà bàtà lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. Nọ́ńbà ẹsẹ̀ tèmi ni mo rà, Màámi. N ò mọ tiyín, mo sì jẹ́ ọmọ yín. Ṣé bàtà yẹn ni?

Oníbéèrè


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹjọ

Ọmọ Màmá Nọ́ọ̀sì,

Màmá rẹ wà láàyè. Mo fi ìyẹn ṣáájú kí àyà rẹ tó já. Èmi Télọ̀ ìsàlẹ̀ ilé yín ni mò ń kọ̀wé, mo sì mọ̀ pé mo jẹ̀bi.

Lọ́jọ́ kejìlá oṣù kẹrin, kí wọ́n tó gbé Màmá Nọ́ọ̀sì lọ sí ilé ìwòsàn, Màmá fúnra wọn kó lẹ́tà márùn-ún lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ti tò ó bí yóò ṣe máa tẹ̀ léra. Wọ́n ní bí lẹ́tà rẹ bá dé, kí n gbé e wá bá wọn, kí n kọ ọjọ́ sórí ọ̀kan nínú tiwọn, kí n fi ránṣẹ́ sí ọ. Mo gbé e sórí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ. Mo fa aṣọ oníbàárà kan, gbogbo rẹ̀ sì bá a já bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwọn lẹ́tà yẹn ò fọ́ ní tiwọn, títú ni wọ́n tú ká. Mo ṣà wọ́n jọ bí ọwọ́ mi ṣe bà wọ́n. Èmi kì í ka lẹ́tà ẹlẹ́tà. Ká ní mo máa ń kà á ni, n bá ti mọ̀ pé mo fi ọ̀la ṣáájú òní.

Kò sí ẹni tó kun ilẹ̀kùn kankan. Ó wà bó o ṣe fi í sílẹ̀, ibi tó o fi ìṣó họ ọ́ nígbà tó o wà ní kékeré ṣì wà lára rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ka ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn nínú lẹ́tà rẹ ló ti ń dùn mí, mo fẹ́ lọ ra ọ̀dà kí irọ́ yẹn lè di òótọ́.

Láti oṣù kẹfà ni wọ́n ti padà wálé. Ohun tó kù, ẹnu tiwọn ló yẹ kó o ti gbọ́ ọ. Mo ti ka ìbéèrè rẹ fún wọn, wọ́n sì ti gba bírò mi. Nọ́ńbà mi tuntun wà lẹ́yìn ìwé yìí. Má jẹ́ kó tún sọnù.

Télọ̀


Ọjọ́ kan náà

Oníbéèrè,

O ò kí mi. Ó ti pẹ́ tí nǹkan kan ti dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Mo jẹ búrẹ́dì díẹ̀ àti ẹyin sísè kan láàárọ̀. Tíì mi ò ní ṣúgà. O ò béèrè ìgbà tí mo tọ̀ kẹ́yìn, ṣùgbọ́n aago mẹ́fà ni. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo gba ẹnu ilẹ̀kùn jáde kẹ́yìn, lórí àga onítáyà, Télọ̀ ló ń tì í. Ó ti mí bí ẹni ń ti ẹ̀rọ ìránṣọ, mo sì bú u dé ẹnu géètì.

Ilé ìwòsàn ni mo wà láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹfà. Lọ́jọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹrin, wọ́n gé ẹsẹ̀ mi kan nísàlẹ̀ orúnkún. Ibi tó bó níka ẹsẹ̀ ló di egbò, egbò ò jiná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í di dúdú.

Bẹ́ẹ̀ ni, bàtà yẹn ni. Ìwọ lo béèrè, n ò sì ní fi "a dúpẹ́" dá ọ lóhùn. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni mí. Mi ò lè ka iye alátọ̀gbẹ tí mo ti kìlọ̀ fún pé kí wọ́n má wọ bàtà tó bá fún wọn. Mo wọ tìrẹ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo wọ̀ ọ́ lọ kí àwọn tí mo ti sọ fún pé o rí ọkọ, kí wọ́n lè rí i pé ọmọ mi rántí mi. Bó o bá fẹ́ gbé ẹ̀bi, fi tèmi sílẹ̀ fún mi. Apá tìrẹ nìkan ni kó o gbé.

Nígbà tí mo ní kó o wá, ẹsẹ̀ yẹn ti ń rùn. Mo kọ "kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀" torí mo fẹ́ kó o wá nítorí mi, kì í ṣe nítorí egbò. Àgbàlagbà ni mí, mo sì hùwà ọmọdé. O wá kọ̀wé nípa agogo. Mo ka lẹ́tà yẹn títí, mo ní, ó dáa, èmi náà ń lọ fún àtúnṣe, jẹ́ kí n pa agogo tèmi kí ọmọ lè ṣiṣẹ́. Ọ̀sán kan ni mo fi kọ márààrún. Iṣẹ́ ò le lọ́wọ́ mi. Ìwọ lo ti ní gbólóhùn kan tó ọ.

O sọ fún mi pé bí àtúnṣe bá parí, ẹ máa ń ṣí agogo padà. Mo padà dé ilé, n ò ṣí i. Ìgbà tí lẹ́tà aláboyún yẹn dé, tó o ní kí n bá ọ wí, mo mú ìwé, mo sì kọ orúkọ rẹ síbẹ̀. Mo rí i pé n ò lè bá ọ wí láìsọ ohun tí èmi náà ń ṣe. Mo ya ìwé náà, mo ní kí Télọ̀ fi èyí tó kàn ránṣẹ́. Ọjọ́ tí mo sunkún kẹ́yìn nìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n gé ẹsẹ̀, n ò sunkún. Ọmọ mi ń ké pè mí, mo sì fi lẹ́tà àtijọ́ dá a lóhùn. Dárí jì mí.

Ó ku tìrẹ. Kí lo jẹ láàárọ̀? Ta ló sì jókòó tì ọ́ nígbà tó ò ń jẹ ẹ́?

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹsàn-án

Màámi,

N ò jẹ nǹkan kan láàárọ̀. Kò sí ẹni tó jókòó tì mí.

Mo lọ bá ọ̀gá mi lánàá. Ó ku irinwó kọ̀ǹpútà tí n ò tíì fi ọlọ́dẹ sí. Ó ní ṣé n ò lè dúró ká jọ parí rẹ̀, oṣù kan péré. Ó ní kò sí ohun pupa kankan lójú kọ̀ǹpútà mi, kí ló ń lé mi? Mo ní ó lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ẹlòmíràn sórí àga mi. Mo dá kọ́kọ́rọ́ yàrá tútù yẹn padà fún un, n ò sì dúró gbọ́ èsì. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù yìí ni màá wọ ọkọ̀ òfurufú. N ò tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì èyí tó máa gbé mi padà.

Mo ti pe Télọ̀. Ó ní ẹ ti bú òun tán lọ́jọ́ yẹn. Mo ní kó má kun ilẹ̀kùn o. Kó jẹ́ kí n bá a bó ṣe wà.

Mo ti ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ sọ ọjọ́ tí wọ́n gé e, ẹ sọ ibi tí wọ́n ti gé e, ẹ sọ ẹni tó ń ti àga. Ẹ ò sọ ẹsẹ̀ wo ni. Mo fẹ́ bi Télọ̀ lórí fóònù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ni mo sọ dípò rẹ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti ń wo ẹsẹ̀ tèmi méjèèjì, n ò sì mọ èyí tó yẹ kí n máa sunkún lé lórí.

Ẹ má kọ ọ́ sí mi. Màá ti dé kí lẹ́tà tó dé. Bí mo bá wọlé tí ẹ rí i pé mo kúnlẹ̀ níwájú yín, ẹ má dá mi lóhùn, Màámi. N ò kí yín. Mò ń wò ó ni.

Oníbéèrè